Ta Ló Ni Ìwé Tí A Rà? Lámèyítọ́ Lórí “The Right to Read” ti Richard Stallman

Ìfáàrà

Ní oṣù kejì ọdún 1997, Richard Stallman, ẹni tó dá iṣẹ́ GNU sílẹ̀ ní 1983 kí ètò kọ̀ǹpútà lè bọ́ lọ́wọ́ ìdè àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń tà á, gbé ìtàn kúkúrú kan jáde nínú Communications of the ACM, ìwé àtìgbàdégbà ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà. Àkọlé rẹ̀ ni “The Right to Read”. Ìtàn náà kò gùn rárá. Láti ìgbà tó ti jáde, ìbéèrè kan náà ni ọ̀pọ̀ òǹkàwé ń bi í: ṣé ohun tó sọ ti ṣẹ?

Ìbéèrè tó tọ́ ni, ṣùgbọ́n ó sọ ìtàn di iṣẹ́ aríran, kò sì fi àyè sílẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò gẹ́gẹ́ bí ìtàn. Èrò tí àpilẹ̀kọ yìí gbé kalẹ̀ ni pé ọkàn ìtàn náà kì í ṣe ẹ̀rọ, kì í sì í ṣe òfin. Àjọṣe ẹni méjì ni, tí ọ̀kan ní ohun tí èkejì ṣe aláìní. Bí a bá fi ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta inú èdè Yorùbá, rà, yá àti kà, wọn ìtàn yìí wò, ohun tí àkọlé rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì bò mọ́lẹ̀ yóò hàn, ibi tí ìtàn náà ti mẹ́hẹ yóò sì hàn pẹ̀lú.

Àhunpọ̀ àti Ọgbọ́n Ìsọ̀tàn

Ọdún 2047 ni ìtàn náà wáyé, ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan. Kọ̀ǹpútà Lissa Lenz bàjẹ́ nígbà tí ó ní iṣẹ́ pàtàkì láti fi jíṣẹ́ fún olùkọ́. Bí kò bá rí òmíràn yá, yóò fìdí rẹmi. Dan Halbert nìkan ni ọkàn rẹ̀ gbà láti bẹ̀. Dan fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà á. Bí Lissa bá gba kọ̀ǹpútà náà, ó lè ka àwọn ìwé tó wà nínú rẹ̀, ẹ̀wọ̀n ọdún púpọ̀ sì ni fún ẹni tó bá jẹ́ kí ẹlòmíràn ka ìwé rẹ̀. Aṣọ́ wà nínú ìwé kọ̀ọ̀kan tó ń ròyìn ẹni tó kà á, ibi tó ti kà á àti ìgbà tó kà á fún ọ́fíìsì kan tó ń jẹ́ Central Licensing. Láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ Dan pé ìwà olè ni kí ènìyàn méjì jọ ka ìwé tí ẹnì kan sanwó fún.

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ìrònú, Dan ṣe ohun tó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ lójú òfin. Ó gbé kọ̀ǹpútà náà fún Lissa, ó sì sọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ fún un, kí àwọn aṣọ́ lè rò pé Dan fúnra rẹ̀ ló ń kàwé. Lissa kò tú u fó. Wọ́n fẹ́ ara wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ohun tí wọ́n ti kọ́ wọn ní kékeré wò, wọ́n sì ṣí lọ sínú Òṣùpá. Ibẹ̀ ni ọ̀tẹ̀ ti bẹ́ sílẹ̀ ní 2062, ẹ̀tọ́ láti kàwé sì wà lára ohun tí àwọn ọlọ́tẹ̀ ń bèèrè fún.

Stallman gbé ìtàn náà kalẹ̀ bí àyọkà láti inú ìwé ìtàn tí wọ́n tẹ̀ nínú Òṣùpá ní 2096. Ọgbọ́n yìí kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán. Nítorí rẹ̀, asọ̀tàn lè sọ̀rọ̀ nípa òpin ọ̀rúndún ogún bí ẹni ń sọ̀rọ̀ nípa ayé àwọn baba ńlá. Ilé-ìkàwé tí ẹnikẹ́ni lè wọ̀, kó jókòó, kó sì kàwé láìsan kọ́bọ̀ di ohun tí Dan gbọ́ ní ìgbẹ̀yìn gẹ́gẹ́ bí ìròyìn ayé àtijọ́. Òǹkàwé tó mú ìtàn náà lọ́wọ́ ní 1997 ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé-ìkàwé bẹ́ẹ̀ dé ni. Ìyàtọ̀ yìí ló ń dá ẹ̀rù sílẹ̀, kì í ṣe Òṣùpá.

Rà

Dan sanwó ìwé tó wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, síbẹ̀ kò ní agbára onínǹkan lórí ìkankan nínú wọn. Kò lè yáni, kò lè fi tọrẹ, kò sì lè kà á kí ẹnikẹ́ni má mọ̀. Lédè Yorùbá, ẹni tó ra nǹkan ti ní in. Ohun tí Dan ṣe kì í ṣe rírà. Háyà ló sún mọ́.

Ọdún méjìlá lẹ́yìn tí ìtàn náà jáde, ọ̀rọ̀ yìí kúrò ní àròsọ. Ní oṣù keje ọdún 2009, àwọn tó ti ra ẹ̀dà kan nínú 1984 àti Animal Farm, ìwé George Orwell, sórí Kindle, ẹ̀rọ ìkàwé Amazon, ṣí ẹ̀rọ wọn, wọn kò sì bá ìwé náà mọ́. Ẹni tó gbé ẹ̀dà náà sórí àtẹ kò ní ẹ̀tọ́ láti tà á. Amazon na ọwọ́ láti òkèèrè, ó pa á rẹ́ nínú ẹ̀rọ àwọn oníbàárà, ó sì dá owó wọn padà. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ìpínlẹ̀ Michigan pe ilé-iṣẹ́ náà lẹ́jọ́, nítorí pé àkọsílẹ̀ tó ti ṣe sí 1984 fún iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò wúlò fún un mọ́. Jeff Bezos, olórí Amazon nígbà náà, tọrọ àforíjì ní gbangba. Ní 2019, Microsoft ti ìsọ̀ ìwé orí ẹ̀rọ tirẹ̀ pa. Ìwé tí wọ́n ti tà níbẹ̀ kò ṣeé ṣí mọ́, wọ́n sì dá owó padà fún àwọn tó rà á. Ní ọjọ́ 26 oṣù kejì ọdún 2025, Amazon dí ọ̀nà tí oníbàárà fi ń gba ìwé Kindle sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, kó tó fi wáyà gbé e sínú ẹ̀rọ ìkàwé.

Owó kọ́ ni ìjà nínú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, nítorí wọ́n dá owó padà nínú méjì àkọ́kọ́. Ipò ẹni tó sanwó ni ìjà. Èdè Yorùbá pe ẹni tó ń gbé inú ilé onílé ní ayálégbé; orúkọ náà kò tan ẹnikẹ́ni jẹ, ayálégbé mọ̀ pé ilé kì í ṣe tòun. Síbẹ̀, òfin ilé gbígbé ìpínlẹ̀ Èkó ti 2011 fún ayálégbé tó ń san owó ọdọọdún ní ìkìlọ̀ oṣù mẹ́fà kí onílé tó lè lé e, bí kò bá sí àdéhùn mìíràn láàrin wọn. Ẹni tí ìwé Orwell pòórá lọ́wọ́ rẹ̀ kò rí ìkìlọ̀ ọjọ́ kan gbà. Ó sanwó bí ẹni tó rà, wọ́n sì ṣe sí i bí ẹni tí kò tilẹ̀ tó ayálégbé. Òfin kan tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní California ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2025 kan ọ̀rọ̀ náà gan-an: òǹtajà orí ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ pe ìyọ̀ǹda lásán ní “rírà” mọ́, àfi bó bá sọ fún oníbàárà kedere pé ìyọ̀ǹda ni. Òfin náà kò dá ohun-ìní padà fún ẹnikẹ́ni. Ó kàn fẹ́ kí ọ̀rọ̀-ìṣe náà sọ òtítọ́.

Ìtàn náà tún lọ jìnnà ju ìwé lọ. Ẹni tó ni ẹrú ló ni ẹrù, ni àwọn àgbà wí. Bí Dan bá tilẹ̀ rí ètò ọ̀fẹ́ tí kò ní aṣọ́ nínú, kò lè gbé e sórí kọ̀ǹpútà tó fi owó ara rẹ̀ rà, nítorí kò mọ ọ̀rọ̀ aṣínà tó jẹ́ ti olórí ẹ̀rọ náà. Ẹlòmíràn ló ni ẹrú, òun náà ló sì ni ẹrù. Frank Martucci, ọmọ kíláàsì Dan, wà lẹ́wọ̀n nínú ìtàn náà, kì í ṣe nítorí pé ó kàwé, bí kò ṣe nítorí pé wọ́n ká irinṣẹ́ tí a fi ń yẹ inú ètò kọ̀ǹpútà wò mọ́ ọn lọ́wọ́. Ní 1998, ọdún kan lẹ́yìn ìtàn náà, ilé aṣòfin Amẹ́ríkà ṣe òfin DMCA, tó ka títú irú ìdè bẹ́ẹ̀ àti pípín irinṣẹ́ ìtúdè kiri léèwọ̀. Ní oṣù keje ọdún 2001, wọ́n mú Dmitry Sklyarov, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà, ní Las Vegas nítorí ètò tó bá ilé-iṣẹ́ ElcomSoft ṣe láti tú ìdè orí ìwé Adobe. Wọ́n fi í sílẹ̀ lẹ́yìn náà, ilé ẹjọ́ sì dá ElcomSoft láre ní oṣù kejìlá ọdún 2002. Òfin Ẹ̀tọ́ Àdàkọ Nàìjíríà ti 2022, tí ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù kẹta ọdún 2023, náà ka irú ìtúdè yìí léèwọ̀. Nítorí náà, òǹkàwé ní Ìbàdàn tàbí Àkúrẹ́ kò lè ka ìtàn Stallman bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè nìkan.

Yá

Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kan fún ẹni tó ń fúnni lóhun àyálò, ó sì ní òmíràn fún ẹni tó ń gbà á. Yorùbá lo yá fún àwọn méjèèjì. Dan yá Lissa ní kọ̀ǹpútà. Lissa yá kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ Dan. Ìṣe kan ni, tó ní ìhà méjì, kò sì lè wáyé bí ẹni méjì kò bá fọkàn tán ara wọn. Ibí yìí ni òfin inú ìtàn náà ti ba nǹkan jẹ́ jù. Ó fi ìfura sáàrin wọn kí wọ́n tó lajú. Ohun gbogbo wá dúró lórí bóyá Lissa yóò tú Dan fó.

Ẹni tó ni kọ̀ǹpútà ni òfin náà fẹ́ fi ìyà tó pọ̀ jù jẹ. Ó dà bí ẹni pé ó gun òwe tó ní ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kí olè tó lè wáyé nínú òwe yẹn, epo orí àjà gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ẹlòmíràn. Àjà Dan ni èyí, owó Dan ni wọ́n sì fi ra epo náà. Ìtàn náà fi hàn pé kí a tó lè sọ oore di olè, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ohun-ìní lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ ṣoore.

Síbẹ̀, àléébù tó tóbi jù nínú ìtàn náà wà níbí. Yíyá tí Dan yáni jẹ́ yíyá àtijọ́. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló wà. Bí ó bá wà lọ́wọ́ Lissa, ọwọ́ Dan ṣófo. Kò sí ẹ̀dà kankan tí ẹnikẹ́ni ṣe. Stallman mú ibi tí ọ̀rọ̀ ti rọ̀ jù, ó sì fi ibi tó le sílẹ̀: ìwé orí ẹ̀rọ lè di ẹgbẹ̀rún ẹ̀dà láàárọ̀ ọjọ́ kan, kí ti ẹni tó kọ́kọ́ rà á má sì dín. Òǹkọ̀wé kò ní ojú nínú ìtàn náà. A gbọ́ nípa àwọn aṣèwádìí pé ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó ìkàwé ni wọ́n ń rí gbà, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tó sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹ̀dà ìwé ìtàn àròsọ àti eré oníṣe Yorùbá lórí ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ gíga, láìjẹ́ pé kọ́bọ̀ kan dé ọwọ́ òǹkọ̀wé, yóò fẹ́ kí ìtàn náà dáhùn ìbéèrè yìí. Kò dáhùn rẹ̀. Ìfìwàwẹ̀dá rẹ̀ náà fúyẹ́: Lissa bẹ̀bẹ̀, ó gbà, ó sì di ìyàwó, ìfẹ́ Dan sí i ló tú kókó tó yẹ kí ìrònú tú. Ìbéèrè tó wúwo ni bóyá Dan ì bá ya ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí kò fẹ́ fi ṣaya, tàbí àjèjì, ní kọ̀ǹpútà náà.

Kà

Bí a bá túmọ̀ àkọlé ìtàn náà sí “Ẹ̀tọ́ Láti Kàwé”, ó gba ìtumọ̀ tí kò ní lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó kàwé lédè Yorùbá kì í ṣe ẹni tó ṣí ìwé wò nìkan. Ẹni tó lọ ilé ẹ̀kọ́ ni. Ìtumọ̀ kejì yìí ló gbé Lissa síwájú. Agbára káká ni ìdílé rẹ̀ fi ń san owó ilé ẹ̀kọ́, kí a tó sọ ti owó ìkàwé. Bóyá ìwé Dan nìkan ni ọ̀nà tó lè gbà gboyè jáde. Dan fúnra rẹ̀ jẹ gbèsè kó tó lè ka àpilẹ̀kọ àwọn onímọ̀.

Ní ìhà yìí, ìtàn náà tilẹ̀ fi ọwọ́ tó rọ̀ mú ọ̀rọ̀. Àwọn aṣèwádìí inú rẹ̀ ń rí ìdá mẹ́wàá gbà. Nínú ayé gidi, ọ̀pọ̀ jọ́nà ìmọ̀ kì í san ohunkóhun fún ẹni tó kọ àpilẹ̀kọ, síbẹ̀ wọ́n ń tà á fún ẹni tó fẹ́ kà á. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣèwádìí lórí èdè Yorùbá ní ilẹ̀ Yorùbá lè rí àkọlé àpilẹ̀kọ nípa èdè abínibí rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ó má lè wọlé kà á àfi bó bá san owó dọ́là. Ohun tí ó ń ṣe lẹ́yìn náà kò yàtọ̀ sí ti Lissa: ó ń wá ọ̀rẹ́ tó ní ọ̀rọ̀ aṣínà.

Ìkádìí

Ìtàn Stallman kò pé. Ó yẹra fún ibi tó le jù, kò jẹ́ kí òǹkọ̀wé sọ̀rọ̀, ó sì gbé ẹrù ìrònú lé ìfẹ́ lórí. Ṣùgbọ́n ó rí ohun kan tí àríyànjiyàn lórí ẹ̀rọ àti òfin sábà máa ń fò dá: ìdè tí wọ́n dè mọ́ ìwé, àárín ẹni méjì ló ń dè. Bí ìwé Yorùbá ṣe ń bọ́ sórí ẹ̀rọ báyìí, ó tọ́ kí àwọn òǹkọ̀wé àti àwọn ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé fi ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta yìí yẹ àdéhùn wò kí wọ́n tó buwọ́ lù ú: ṣé ẹni tó san owó rà á lóòótọ́, ṣé ó lè yáni, ṣé ọmọ tálákà lè kà á? Owó òǹkọ̀wé gbọ́dọ̀ pé pẹ̀lú. Àdéhùn tó bá yanjú ọ̀kan tó sì pa èkejì tì kò tíì parí.

Ohun kan wà tí ìtàn náà kò sọ fún òǹkàwé títí tó fi parí, ìyẹn ni ìwé tí Lissa kà nínú kọ̀ǹpútà Dan. Ó ṣeé ṣe kó má ka ìkankan, kó ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ tán, kó sì gbé ẹ̀rọ náà padà fún ẹni tó ni ín. Lójú òfin tí wọ́n ń gbé lábẹ́ rẹ̀, ìyẹn kò yí ohunkóhun padà.