Inan náà ní tẹnu ẹ̀

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Òwe yìí ló sọ sí mi lọ́kàn nígbà tí mo ka Children of Blood and Bone, ìwé tí Tomi Adeyemi gbé jáde ní 2018. Èmi ará Ìyànà Ọ̀fà, orúkọ Ìbàdàn tí mo rí nínú ẹ̀ ló kọ́kọ́ fà mí mọ́ra. Ìwà àwọn ọ̀dọ́ inú ẹ̀ ni ò jẹ́ kí n gbé e sílẹ̀.

Àwọn mẹ́ta ló ń sọ ìtàn náà: Zélie, Amari àti Inan. Zélie kì í rò ó kó tó ṣe é. Ẹ̀rù bàbá Amari ti pa á lẹ́nu mọ́. Inan ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ní idán lára, ó ń fi pamọ́, síbẹ̀ ó ń dọdẹ àwọn tó ní irú ẹ̀.

Ká ní Zélie nìkan ló ń sọ̀rọ̀ ni, ọ̀tá lásán ni Inan ì bá jẹ́. Nígbà tá a gbọ́ tẹnu ẹ̀, a rí ọmọ tó ń wá ojúure bàbá ẹ̀ lójú méjèèjì. Àánú ẹ̀ ṣe mí o. Àmọ́ ẹ má jẹ́ ká tan ara wa: àlàyé kì í ṣe àwíjàre.

Ibi tí ìwé yìí kù sí ni pé ohùn àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọra jù. Tzain, ẹ̀gbọ́n Zélie, tó ń jìyà ìkánjú àbúrò ẹ̀, kò sì ní orí kankan tiẹ̀. A gbọ́ ẹjọ́ àwọn tó ṣe é. Ta ló máa gbọ́ ti ẹni tó forí fá a?