Ilé Tí Kò Sí Nínú Ìṣirò: Àríwísí lórí Ìjíhìn Owó Nínú Ètò Ìgbàlejò Akẹ́kọ̀ọ́

Ìfáárà

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Amẹ́ríkà láti kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé, ìdílé kan gbà mí sílé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nípasẹ̀ àjọ kan tí kì í ṣiṣẹ́ fún èrè. Ìyá ilé náà ń dáná fún mi, ó ń fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé mi káàkiri, kò sì gba kọ́bọ̀. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, mo wá àkọsílẹ̀ owó àjọ náà jáde, mo sì kà á tán. Owó oṣù àwọn ọ̀gá wà níbẹ̀, owó ìpolówó wà níbẹ̀, owó ìrìn àjò wà níbẹ̀. Ìyá ilé mi kò sí níbẹ̀. Ìbéèrè tí àpilẹ̀kọ yìí dojú kọ kò ju èyí lọ: ta ni irú àjọ bẹ́ẹ̀ ń jíhìn fún, ta sì ni kò kà kún?

Ohun tí ìwé ìṣirò rí

Ètò yìí kì í ṣe tuntun. Ní 1932 ni Donald Watt dá The Experiment in International Living sílẹ̀. Ẹgbẹ́ awakọ̀ tí ń gbé àwọn tó fara gbọgbẹ́ lójú ogun ni AFS jẹ́ ní 1915. Ní 1947 ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe pàṣípààrọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama. Ohun tí a mọ irú àwọn ètò wọ̀nyí mọ́ ni pé àlejò ń gbé inú ilé onílé, ó sì ń jẹ ohun tí wọ́n ń jẹ.

Òfin Amẹ́ríkà ní kí èyí tó pọ̀ jù nínú irú àjọ wọ̀nyí máa fi ìwé ìṣirò ránṣẹ́ lọ́dọọdún sí IRS, iléeṣẹ́ owó orí ìjọba àpapọ̀, kí wọ́n sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó bá béèrè rí i. Fọ́ọ̀mù 990 tí àwọn àjọ ńláńlá ń lò ń fi owó tí àwọn olùdarí ń gbà hàn ní apá keje. Ní apá kẹsàn-án, ó pín ìnáwó sí mẹ́ta: iṣẹ́ àjọ gan-an, ìṣàkóso, àti ìkówójọ. Ìwé tó wúlò ni. Ṣùgbọ́n ìlànà rẹ̀ kò jẹ́ kí a ka iṣẹ́ ọ̀fẹ́, tàbí lílo ilé tí ẹnìkan yọ̀ǹda, mọ́ ọrẹ tó wọlé. Ibi tí onílé ti lè yọjú nínú àwọn nọ́ńbà ni ìlà kẹfà ní apá kìíní, níbi tí wọ́n ti ń béèrè iye àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn, tí wọ́n sì fi kún un pé a lè fojú bù ú. A kì í fojú bu owó oṣù ọ̀gá. A lè fojú bu ẹni tó fi yàrá sílẹ̀ fún odidi ọdún ẹ̀kọ́ kan.

Síbẹ̀, òfin owó orí kan náà mọ̀ pé ilé náà ní iye. Ẹni tó gba akẹ́kọ̀ọ́ sílé lábẹ́ àdéhùn tí a kọ sílẹ̀ lè yọ ìnáwó rẹ̀, tí kò gbọdọ̀ ju 50 dọ́là lọ lóṣù, kúrò nínú owó tí wọn yóò bu owó orí lé, bí ó bá ti mú àwọn àmúyẹ yòókù ṣẹ. Ta ló lè fi 50 dọ́là bọ́ ọ̀dọ́ tí ń dàgbà fún oṣù kan?

Nígbà tí a bá pè é ní ẹbí

Àwọn àjọ wọ̀nyí fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà "ẹbí". Ọ̀rọ̀ tó dùn ni, ṣùgbọ́n ó lè bo ìṣirò mọ́lẹ̀. Ẹ wo ètò au pair, níbi tí ọ̀dọ́ láti ilẹ̀ òkèèrè ti ń tọ́jú ọmọ nínú ilé tó ń gbé. Ní 2014, àwọn kan nínú wọn pẹjọ́ ní kóòtù ìjọba àpapọ̀ ní Colorado pé àwọn àjọ onígbọ̀wọ́ panu pọ̀ kí owó ọ̀sẹ̀ àwọn má baà kúrò ní 195.75 dọ́là. Ní 2019, àjọ 15 gbà láti san 65.5 mílíọ̀nù dọ́là kí ẹjọ́ náà lè parí. Nínú ẹjọ́ yẹn, àlejò ló ń ké. Nínú ọ̀rọ̀ tiwa, onílé ni. Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ kan náà ni: ibi tí wọ́n bá ti ń pe iṣẹ́ ní ẹbí, ó yẹ kí a tún ìṣirò ibẹ̀ wò.

Òṣùwọ̀n tiwa

Nínú àjọ dídá, ẹni tó dá owó ló ni ìbéèrè. A máa ń sọ pé orí ẹnìkan pé bíi ti alájọ Ṣómólú, tí ìtàn ní ó gba àjọ fún ọdún mẹ́ta láìkọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, tí kò sì ṣi owó ẹnikẹ́ni san. Kò kọ orúkọ, kò sì gbàgbé ẹnìkan. Àwọn àjọ ìgbàlejò ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì ń gbàgbé ẹni tó dá tirẹ̀ ní yàrá àti oúnjẹ.

Àwọn kan yóò sọ pé bí a bá ṣírò àlejò ṣíṣe, a ti sọ ọ́ di òwò. Èmi kò béèrè owó fún onílé. Ìjíhìn ni mo ń béèrè. Àwọn mìíràn gbà pé bí owó ìṣàkóso bá ti kéré, àjọ náà dára. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá: ìdá owó ìṣàkóso lè kéré, kí ẹrù sì wà lórí onílé. Òfin kò sì ní kí àjọ dákẹ́, nítorí apá kẹta Fọ́ọ̀mù 990 fàyè gbà á láti ṣàlàyé iṣẹ́ ọ̀fẹ́ tó gbà.

Àgbálọgbábọ̀

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá, torí àwọn tó ń kọ́ Yorùbá ní Amẹ́ríkà ti ń lọ gbé lọ́dọ̀ àwọn ìdílé ní Ìbàdàn. Ẹni tó ń ra epo sínú jẹnẹrétọ̀ kí àlejò lè rí iná kàwé ń náwó, yálà wọ́n fún un ní nǹkan tàbí wọn kò fún un. Nítorí náà, kí a tó fọwọ́ sí ìwé ètò kankan, ẹ jẹ́ kí a béèrè nǹkan mẹ́ta. Èló nínú owó tí a san ló dé ilé tí a óò gbé? Ta ni onílé lè fẹjọ́ sùn, láìbẹ̀rù pé wọn kò ní fún un ní àlejò mọ́? Ǹjẹ́ onílé kankan wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń fọwọ́ sí ìṣúná àjọ náà? Àjọ tí kò bá lè dáhùn, kí a má ṣe tíì san owó wa fún un.