Sípánà Ẹlẹ́rọ: Agbára Tó Mọ Ìwọ̀n

Nọ́ọ̀tì táyà kì í ṣàdéédé le. Tòkunbọ̀ ló pọ̀ jù nínú ọkọ̀ tí à ń gùn, ilẹ̀ òtútù ni púpọ̀ nínú wọn sì ti lo ìgbà èwe wọn: òmíràn bá ọkọ̀ ojú omi dé tààrà láti Amẹ́ríkà, òmíràn gbéra ní èbúté Antwerp ní Belgium, ó gba Kútọnu wọlé. Bí yìnyín bá bo títì lọ́hùn-ún, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sí i kí ó lè yọ́. Omi oníyọ̀ yìí ni táyà ń ta sábẹ́ ọkọ̀, tó ń wọ gbogbo kọ̀rọ̀ tí ọwọ́ ẹni tó ń fọ ọkọ̀ kì í dé. Ọkọ̀ tó ń dán gbinrin níwájú ẹni tó ń tà á, ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀, ẹ ó mọ ohun tí ojú rẹ̀ ti rí.

Ìpẹtà tó bá wọ àárín nọ́ọ̀tì àti bóòtì kò ní jókòó jẹ́jẹ́. Àyè tó ń gbà ju ti irin tó jẹ lọ, nítorí náà ńṣe ló ń fún ara rẹ̀ mọ́ ojú tírẹ́ẹ̀dì títí irin méjèèjì á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọ̀kan. Ọwọ́ àwa èèyàn náà sì wà níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ Toyota ní kí a fi Nm 103 di nọ́ọ̀tì táyà Corolla. Honda ní 108 fún Accord. Nm yìí ni òṣùwọ̀n agbára tí ń yí nǹkan, bí a bá sì fẹ́ mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, ká wo ọkùnrin tó wọn kílò 70 tó gun orí sípánà tó gùn ní ìdajì mítà. Ó tó Nm 340 tó ń gbé lé nọ́ọ̀tì. Kó wá ki páìpù bọ ẹnu sípánà náà kó gùn tó mítà kan, ó di nǹkan bí 690, ìyẹn ju ìlọ́po mẹ́fà ohun tí Corolla béèrè lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ fọkanáísà ṣe ń dì í, wọ́n á ní àwọn ń ṣe oore fún oníbàárà kí táyà má baà yọ lọ́nà. Oore yẹn ni yóò di ìyà lọ́jọ́ tí onímọ́tò bá fẹ́ fúnra rẹ̀ tú táyà nílé.

Páìpù kan náà la sì tún ń gbé jáde bó bá kan títú. Èèyàn á gun orí sípánà, á máa fò sókè sódò, jáàkì á máa mì. Nígbà mìíràn nọ́ọ̀tì á gbà. Nígbà mìíràn orí rẹ̀ á yọ, igun mẹ́fà á di róbótó, sípánà kankan kò sì ní rí ibi dì mú mọ́. Tàbí kí bóòtì kán sínú họ́ọ̀bù, kí iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá di iṣẹ́ ọjọ́ méjì. Agbára pọ̀ nínú ohun tí onítọ̀hún ń ṣe, ṣùgbọ́n agbára tí ń tẹ nǹkan mọ́lẹ̀ láìdáwọ́ dúró ni, irú rẹ̀ gan-an ni ìpẹtà sì mọ̀ ọ́n fara dà.

Ibí yìí ni ẹwà sípánà ẹlẹ́rọ ti bẹ̀rẹ̀, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní ímpáàtì. Ó jọ ẹ̀rọ tí káfíńtà fi ń lu ihò lójú, àfi pé orí rẹ̀ nípọn, ó kúrú, irin onígun mẹ́rin kan sì yọ síta níwájú rẹ̀ tí a ń fi sọ́kẹ́ẹ̀tì há. Ẹni tó bá tú u wò yóò bá ilé arọ kékeré kan nínú rẹ̀: owú wà níbẹ̀, ọmọ owú wà níbẹ̀. Irin tó yọ síta yẹn ni owú. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọmọ owú wà, irin wúwo kan tí mọ́tò iná ń yí, tí sípíríǹgì líle sì ń tì síwájú. Bí nọ́ọ̀tì kò bá le, méjèèjì á jọ máa yí pọ̀. Bó bá ta kú, owú á dúró, ọmọ owú á fà sẹ́yìn lórí sípíríǹgì rẹ̀, á fo ètè owú kọjá, á tún já wá síwájú, á sì gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nínú ọ̀kan lára wọn, DeWalt DCF899, ó lè gbá a tó 2,400 ìgbà ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn ogójì ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ohun tó yẹ ká yìn ẹ̀rọ yìí fún ni pé láàárín ìgbá kan sí èkejì, òmìnira ni ọmọ owú wà. Kò so mọ́ nọ́ọ̀tì nígbà tó ń kó eré rẹ̀ jọ, nítorí náà gbogbo agbára náà ń bọ́ sára nọ́ọ̀tì, díẹ̀ ló ń padà sára ọwọ́. Ẹni tó fi ọwọ́ kan dì í mú yóò mọ̀ pé ó ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n kò ní lọ́ ọ lọ́rùn ọwọ́, ọkọ̀ tó wà lórí jáàkì kò sì ní mì bí ìgbà tí èèyàn ń fò lórí páìpù. Ìgbá kọ̀ọ̀kan ń jan ìpẹtà, ìpẹtà tó lè fara da ìtẹ̀mọ́lẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́ kò sì lè fara da ìjanmọ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká dúró ti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn Corolla kan tí wọn kò tú láti bí ọdún mélòó kan. Sọ́kẹ́ẹ̀tì mìlímítà 21 ti wọlé dé ìdí, a tẹ ohun ìtẹ̀. Ohùn àkọ́kọ́ wúwo: gán-gán-gán-gán, kò sí ohun tó sún. Lẹ́yìn ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá, eruku pupa díẹ̀ á dà sílẹ̀ létí ríìmù. Ohùn náà á yí padà, á fẹ́lẹ́, á di kàkàkàkà. Nọ́ọ̀tì ti yí díẹ̀. Kí a tó mí, ó ti di fìrìrì, nọ́ọ̀tì ti bọ́ sínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó gbóná díẹ̀ lọ́wọ́, igun mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sì pé. Ẹni tó ti lo ẹ̀rọ náà pẹ́ kì í wo nọ́ọ̀tì mọ́, etí ló fi ń mọ ibi tí iṣẹ́ dé.

Oríṣiríṣi ló wà, kì í sì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló yẹ ilé. Èyí tó ń fi afẹ́fẹ́ ṣiṣẹ́ ni ọ̀gá ní ṣọ́ọ̀bù: ó fúyẹ́, kì í tètè bàjẹ́, ó lè ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tí agbára ìtì rẹ̀ tó 90 psi ni púpọ̀ nínú wọn ń béèrè, kò sì gbọdọ̀ dá. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ kékeré tí a fi ń fún táyà nílé yóò tú afẹ́fẹ́ rẹ̀ tán kí nọ́ọ̀tì kejì tó gbà. Èyí tó ń lo wáyà kò wọ́n, kì í sì í rẹ̀ ẹ́ níwọ̀n ìgbà tí iná bá wà. Ìyẹn gan-an ni ìṣòro rẹ̀. Iná NẸ́PÀ kò ní àdéhùn pẹ̀lú ẹnikẹ́ni, jẹnẹrétọ̀ kékeré tí aráyé ń pè ní I better pass my neighbour yóò sì kérora bí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ bá gbéra. Èyí tí a ń fi sójú ihò ìtanná sìgá inú ọkọ̀ wà pẹ̀lú, oní 12 fóòtì. Ó dára fún nọ́ọ̀tì tí wọ́n fi ìwọ̀n dì, tí ìpẹtà kò sì tíì jẹ. Èyí tó le gan-an yóò fi í ṣe ẹlẹ́yà.

Nílé, olóbátìrì ló tọ́ sí wa jù. A lè gba agbára sí i ní wákàtí díẹ̀ tí iná fi wà, ká sì lò ó nígbà tí kò sí. Àmì tó wà lára rẹ̀ máa ń da àwọn tó fẹ́ rà á láàmú, torí a lè rí 18 fóòtì lára ọ̀kan, ká rí 20 lára èkejì. Ìṣọ̀wọ́ sẹ́ẹ̀lì márùn-ún ló wà nínú méjèèjì. Nǹkan bí fóòtì 4 ni sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ń mú wá nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kún, èyí já sí 20. Bó bá ń ṣiṣẹ́ lọ, 3.6 ni, èyí já sí 18. Bátìrì kan náà tí DeWalt ń tà ní 20 ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ń tà ní 18 ní Yúróòpù. Ohun tó yẹ kí a wò ni Ah rẹ̀, òṣùwọ̀n iye iná tí bátìrì lè gbà pamọ́: 4 tàbí 5 ni kí a mú, nítorí bátìrì kékeré kì í lè tú iná tó jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ìgbá ẹ̀rọ náà á sì rọ. Mọ́tò tí kò lo búrọ́ọ̀ṣì kábọ́ọ̀nù ló dára jù, ó ń lo bátìrì díẹ̀, kò sì ní búrọ́ọ̀ṣì tí yóò jẹ tán nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ní Amẹ́ríkà ló fẹ́ rà á ránṣẹ́, ẹ ní kó wo ẹ̀yìn ṣájà. Ọ̀pọ̀ níbẹ̀ ni iná 120 fóòtì nìkan mọ̀, tiwa yóò sì jó o lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Èyí tó bá ti Ìlú Ọba wá kò ní wàhálà, iná wọn súnmọ́ tiwa, ẹnu púlọ́ọ̀gì wọn sì bá ògiri wa mu.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni ti agbára. Ní ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Ladipo tàbí ní Àrárọ̀mí lẹ́bàá Agodi Gate, ọmọ tó ń tajà á ti nawọ́ èyí tó tóbi jù síni: “Dádì, ẹ má wojú owó, èyí tó lágbára jù nìyí.” Ìwọ̀n eku sì ni ìwọ̀n ìtẹ́. Nọ́ọ̀tì táyà Corolla fẹ́ 103. Nọ́ọ̀tì ńlá tó wà ní ẹnu ṣáàfù rẹ̀, mìlímítà 30, 216 ni wọ́n fi dì í. Bóòtì púlì ẹnjíìnì Honda kan, èyí tí mẹkáníìkì máa ń ráhùn lé lórí, 245 ni. Ìpẹtà lè sọ èyíkéyìí nínú wọn di ìlọ́po méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, ẹ̀rọ tí agbára ìtú rẹ̀ bá tó 500 sí 700 lóòótọ́ ti ká ohun tó wà lára ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Ẹ ṣàkíyèsí pé iye méjì ni ilé iṣẹ́ máa ń kọ, ti dídì àti ti títú, ti títú ló sì máa ń pọ̀ jù. Makita DTW300 ń dì ní 330, ó ń tú ní 580. DCF899 tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ń dì ní 950, ó ń tú ní 1,625. Ẹni tó ń tún bọ́ọ̀sì tàbí tirela ṣe ni ìkejì yìí wà fún. Nílé, ìwúwo rẹ̀ tó lé ní kílò mẹ́ta pẹ̀lú bátìrì yóò dá apá lóró, orí rẹ̀ kì í sì í wọ kọ̀rọ̀, bóòtì tẹ́ẹ́rẹ́ tó bá sì ṣèèṣì dé iwájú rẹ̀ yóò kán. Èyí tí kò ní orúkọ, tó kọ iye gàgàrà sára, ẹ má fi ìwé ara rẹ̀ ṣe ẹ̀rí. Ẹ ní kí wọ́n fi tú nọ́ọ̀tì lójú yín.

Orí rẹ̀ tó jẹ́ ìdajì íńṣì ni kí ẹ mú, torí sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kún ọjà. Kì í sì í ṣe gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì ló lè bá a ṣe. Àwọn tó ń dán yẹn, sípánà ọwọ́ ni wọ́n wà fún. Irin wọn le, ìgbá ẹ̀rọ sì lè fọ́ wọn, kí àfọ́kù rẹ̀ ta síni lójú. Èyí tó dúdú, tí ara rẹ̀ nípọn, tó ní igun mẹ́fà nínú ni ti ẹ̀rọ. Bí ríìmù bá jẹ́ alúmíníọ́mù, ẹ wá èyí tí wọ́n fi rọ́bà bò lára kó má baà ha á. Ẹ wọ gíláàsì ìdáàbòbò, ẹ fi nǹkan dí etí, torí ariwo rẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Ẹ̀rọ náà kì í sì í fi ara rẹ̀ ṣe gbogbo iṣẹ́. Búrọ́ọ̀ṣì onírin ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọn ìpẹtà dànù, kí òróró tí ń wọ inú tírẹ́ẹ̀dì tẹ̀ lé e, kó sì sun ibẹ̀ mọ́jú bó bá ṣeé ṣe. Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. A ó fi òkúta dí táyà òdìkejì. A ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, a ó dáwọ́ dúró, a ó yí i síhà dídì díẹ̀, a ó tún tú u. Bí kò bá gbà ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, òróró tàbí ooru ló ń fẹ́, kì í ṣe ìgbá sí i.

Bó bá kan dídì, ọwọ́ ni kí a kọ́kọ́ fi yí nọ́ọ̀tì wọlé, kí sípánà tí ń wọn agbára sì parí rẹ̀, èyí tó máa ń ké “kẹ́” nígbà tó bá pé 103. Ímpáàtì tí a fi di táyà ní àdìpa, fọkanáísà onípáìpù náà ló tún padà wá. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé kí ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀rọ yìí má kó gbogbo owó lé e lórí. Kó mú alágbára ìwọ̀nba, kó fi ìyókù ra sọ́kẹ́ẹ̀tì dúdú àti sípánà tí ń wọn agbára. Ilé tí wọ́n bá ti ń fi ẹ̀rọ tú, tí wọ́n ń fi ìwọ̀n dì, kò ní pẹ́ tí wíìlì sípánà lásán tó wà nínú búùtù yóò tún fi tó wọn í lò lójú ọ̀nà.