Ìjàkadì Ojú Tẹlifíṣọ̀n: Géèmù Wo Ló Mọ Ẹkẹ Í Mú?



Àríyànjiyàn kan wà tí kì í tán láàárín àwọn ọ̀dọ́ wa lẹ́yìn àsàlátù: nínú gbogbo géèmù ìjàkadì tí àwọn òyìnbó àti àwọn ará Japan ti ṣe láti nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, èwo ni ọ̀gá? Àwọn kan á ní èyí tó jáde kẹ́yìn ni, nítorí pé òógùn ń dán lára òṣèré inú rẹ̀ bí ẹni pé ènìyàn gidi ni. Àwọn mìíràn á ní ti àtijọ́ ni. Àwọn àgbà kan kò sì fẹ́ gbọ́ rárá. Lójú tiwọn, kí a pa tẹlifíṣọ̀n kí a lọ ké kéwú ni. Èmi kò bá wọn jiyàn lórí kéwú. Ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ ẹni ń fi wákàtí mẹ́ta jókòó tì, ó yẹ kí òbí mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí a ó bá sì dá a lẹ́jọ́, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bí a ti ń yẹ iṣẹ́ ọwọ́ wò.

Ìjàkadì kì í ṣe àjèjì sí wa. Ìtàn Rukānah, akọni ará Mẹ́kà tí Ànábì wa Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) gbé ṣánlẹ̀, wà nínú àkójọ hadith Abū Dāwūd àti ti Tirmidhī, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn onímọ̀ ní ọ̀rọ̀ lórí ẹ̀gbàwá rẹ̀. Ní ilẹ̀ wa níhìn-ín náà, ẹkẹ àti gídígbò ti wà kí òyìnbó tó dé, àwọn bàbá wa kò sì gbàgbé Michael Okpala tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Power Mike. Ṣùgbọ́n ìjàkadì tó ń ti Amẹ́ríkà wá sójú tẹlifíṣọ̀n, ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀. Eré ni, wọ́n ti mọ ẹni tí yóò borí kí agogo tó dún. Ibi tí iṣẹ́ ti le fún ẹni tó ń ṣe géèmù nìyẹn. Ẹni tó ń ṣe géèmù bọ́ọ̀lù ń ṣe àwòkọ ìdíje. Ẹni tó ń ṣe géèmù ìjàkadì ń ṣe àwòkọ eré tó ṣe àwòkọ ìjà, ó sì tún gbọ́dọ̀ sọ ọ́ di ìdíje padà, nítorí pé ọmọ méjì tó jókòó síwájú ẹ̀rọ kò tíì bá ara wọn ṣàdéhùn ẹni tí yóò ṣubú.

Ẹni àkọ́kọ́ tí mo rí pé ọ̀rọ̀ yìí yé ni Masato Masuda, ọmọ Japan, tó ṣe Pro Wrestling fún ẹ̀rọ Nintendo ní 1986. Ẹ wo ohun tí ọkùnrin yìí kó sínú ẹ̀rọ kékeré yẹn: rẹfirí tó ń sáré wá kà lórí ẹni tó wà nílẹ̀, iye ogún tí wọ́n ń kà fún ẹni tó bá jáde kúrò láàárín okùn, àti ayàwòrán kan tó ń gbé kámẹ́rà rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbo. Ayàwòrán yẹn kò lè lu ẹnikẹ́ni, kò sì lè gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀, ṣùgbọ́n òun ló jẹ́ kí a mọ̀ pé ojú ń wò wá. Ní 1989, Masuda gbé Fire Pro Wrestling jáde lábẹ́ ilé iṣẹ́ Human, lórí ẹ̀rọ PC Engine, orúkọ náà kò sì parẹ́: Fire Pro Wrestling World jáde ní 2017. Ìmọ̀ àsìkò ni kókó Fire Pro. Bí àwọn méjèèjì bá pàdé, wọn á dì mọ́ ara wọn fúnra wọn, ẹni tó bá tẹ bọ́tìnì ní àkókò rẹ̀ gan-an ló ni ìgbésẹ̀. Ẹni tó bá ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń gún iyán kò ní rí nǹkan kan mú. Bí o bá sì fi ìgbésẹ̀ ńlá ṣí ìjà, wọn á yí i mọ́ ọ lọ́wọ́. Kékeré ni wàá ti bẹ̀rẹ̀.

Inú Fire Pro kan náà ni ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ géèmù ìjàkadì wà. Ní 1994, Super Fire Pro Wrestling Special jáde, Goichi Suda ló kọ ìtàn inú rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Morio Sumisu bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìjàkadì láti ìsàlẹ̀; ikú pa olùkọ́ rẹ̀; ó ń jà lọ títí ó fi gba ìgbànú àgbáyé. Lẹ́yìn náà ó délé, ó sì fi ìbọn pa ara rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìtàn parí sí. Àwọn kan ń yin òǹkọ̀wé náà fún ìgboyà, èmi náà gbà pé òtítọ́ ló sọ nígbà tó ní ìgbànú wúrà kì í dí àlàfo tó wà nínú ọkàn. Bí ó bá jẹ́ ìwé ìtàn ni, n kì bá tí bá a jà tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n géèmù ni. Ọmọ tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ja gbogbo ìjà Morio láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, òun fúnra rẹ̀ ni Morio, kò sì sí ẹni tó bi í léèrè kí wọ́n tó fi ikú san án lẹ́san wàhálà rẹ̀. Ìpara-ẹni kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré nínú ẹ̀sìn wa. Òbí tí ọmọ rẹ̀ ti ń dákẹ́ jù tẹ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ohun tó wà ní ìparí géèmù yẹn.

Láàárín àwọn ọdún wọ̀nyẹn ni WWF WrestleFest ti Technos dé sínú àwọn ẹ̀rọ olówó ẹyọ ní 1991, ó dùn, ó sì ní ariwo. Ti Midway ní 1995, WWF WrestleMania: The Arcade Game, ìjà ẹ̀ṣẹ́ àti idán lásán ni, wọ́n kàn wọ̀ ọ́ ní aṣọ oníjàkadì. Ẹ jẹ́ kí a kọjá níbẹ̀.

Nígbà tí ilé iṣẹ́ AKI ti Japan dé orí Nintendo 64, ọ̀rọ̀ di ti àgbà. WCW vs. nWo: World Tour ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní 1997, WCW/nWo Revenge tẹ̀lé e ní 1998, WWF WrestleMania 2000 ní 1999, WWF No Mercy sì dé ní 2000. THQ ló tà wọ́n. Lójú tèmi, No Mercy ni ọ̀gá gbogbo wọn.

Dídìmú ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Bí o bá tẹ bọ́tìnì fẹ́ẹ́rẹ́, ìdìmú fẹ́ẹ́rẹ́ ni; bí o bá tẹ̀ ẹ́ pẹ́, ìdìmú líle ni, ṣùgbọ́n ẹni tó ń pẹ́ kí ó tó dìmú ti ń ṣí ara rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Inú ìdìmú yìí ni ìgbésẹ̀ ti ń jáde. Ẹni tó bá ti wo àwọn tó ń mú ẹkẹ rí yóò mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀: ọwọ́ á kọ́kọ́ wá ọwọ́, èjìká á wá èjìká, kí ẹsẹ̀ tó wọlé. Ìgbèjà náà pín sí méjì, bọ́tìnì kan fún lílù, òmíràn fún dídìmú, nítorí náà o ní láti ka ohun tó wà lọ́kàn ẹnìkejì. Kò sí ìlà tó ń fi hàn pé ẹ̀mí báyìí ló kù fún ọ. Òṣùwọ̀n ìgboyà ni wọ́n fi síbẹ̀: ó ń gòkè bí o bá ń jà dáadáa tí o sì ń yangàn fún òǹwòran, ó ń wálẹ̀ bí wọ́n bá ń nà ọ́. Ẹni tí wọ́n ti lù bí aṣọ òfì tún lè dìde kí ó borí, gẹ́gẹ́ bí a ti ń rí i lórí tẹlifíṣọ̀n, síbẹ̀ kò sí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Eré àti ìdíje, wọ́n so méjèèjì pọ̀.

Ohun kejì tí mo fẹ́ràn ni ìtàn inú rẹ̀. Ìgbànú kọ̀ọ̀kan ní ìtàn tirẹ̀, bí o bá sì fìdí rẹmi, ìtàn kò parí, ọ̀nà mìíràn ló ń yà sí. Àwọn ìran kan wà níbẹ̀ tí ẹni tí kì í fìdí rẹmi kò ní rí láéláé. Lẹ́yìn èyí, ojú ihò mẹ́rin ni Nintendo 64 ní fún okùn ìṣeré, nítorí náà ọmọ mẹ́rin lè jà lẹ́ẹ̀kan náà láìjẹ́ pé wọ́n jà nítorí rẹ̀. Àléébù rẹ̀ pọ̀: ojú àwọn òṣèré dàbí àwòrán tí omi dà sí, kò sí olùsọ àsọyé, bí oníjà mẹ́rin bá sì pé sójú agbo, ẹ̀rọ á máa rìn bí ẹni ẹrù wúwo wà lórí rẹ̀. Èyí tó burú jù ni pé àwọn kátíríìjì tó kọ́kọ́ jáde a máa gbàgbé gbogbo ohun tí a ti ṣe sínú wọn.

Àwọn tó fẹ́ eré sísá yóò dárúkọ WWE SmackDown! Here Comes the Pain ti Yuke's, tó jáde fún PlayStation 2 ní 2003. (Ní 2002 ni WWF di WWE, lẹ́yìn tí àjọ tó ń dáàbò bo ẹranko igbó gbé wọn lọ sílé ẹjọ́ lórí lẹ́tà mẹ́ta náà.) Ó yára, ó mú ojú, ó sì fi ibi tí ìyà ti ń jẹ ara oníjà hàn. Ṣùgbọ́n wọ́n fi ìjà kan sínú rẹ̀ tó jẹ́ pé bíbọ́ aṣọ kúrò lára obìnrin ni ìborí. N kò ní pe ìwọ̀sí ní ọnà nítorí pé ìyókù géèmù dára.

Láti ìgbà tí 2K ti gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ THQ ní 2013, àwòrán ti dán ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Dídán kọ́ ni ìjà. WWE 2K20, tí ilé iṣẹ́ Visual Concepts ṣe ní 2019 lẹ́yìn tí Yuke's kúrò, kún fún àléébù débi pé nígbà tí January 1, 2020 pé, ó kọ̀, kò ṣí mọ́, àfi bí ènìyàn bá dá ọjọ́ inú ẹ̀rọ padà sẹ́yìn. Wọn kò gbé òmíràn jáde nínú ọ̀wọ́ náà títí di 2K22 ní 2022, òun sì sàn jù ú lọ. Ṣùgbọ́n 2K22 ló mú MyFACTION wá. Ìdì káàdì oníjàkadì ni wọ́n ń tà níbẹ̀. O lè ṣeré gba díẹ̀, o sì lè fi owó gidi rà á, ìwọ kò sì mọ ẹni tó wà nínú ìdì náà títí wàá fi san tán. Ẹ̀yin òbí, kí ni a ń pe ohun tí ènìyàn ń fowó lé láìmọ ohun tí yóò kàn án? Súrátul Mā'idah, āyah 90, kò fi ọ̀rọ̀ tẹ́tẹ́ pamọ́. Ọmọ tí kò lè gba iwájú ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ kọjá kí bàbá rẹ̀ má bá a wí ń ta á nínú yàrá, bàbá sì rò pé ìjàkadì ló ń wò. Bí ẹ bá ra géèmù náà, ẹ má fi nọ́ńbà káàdì báńkì yín sínú ẹ̀rọ.

Ọ̀rọ̀ ẹni tí wọ́n ń fi wá hàn ṣẹ́kù. Ní 2004 àti 2005, WWE gbé ẹnì kan jáde lórí tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n pè ní Muhammad Hassan. Marc Copani ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Amẹ́ríkà tí ìran rẹ̀ wá láti Ítálì. Ní July 7, 2005, ọjọ́ tí bọ́ǹbù dún ní London, ni ìran kan tí àwọn oníbòjú ti bá a fún oníjà mìíràn lọ́rùn jáde, láìpẹ́ wọ́n mú un kúrò. Ìdí nìyí tí mo fi ń wo àtòkọ orúkọ inú géèmù kí n tó wo nǹkan mìíràn. Nínú àwọn ti 2K, ọmọ wa lè mú Sami Zayn, ọmọ Kánádà tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Síríà, Mùsùlùmí tí kò fi ẹ̀sìn rẹ̀ pamọ́, tí wọn kò sì wọ̀ láṣọ ẹ̀sín. Ó lè mú Omos pẹ̀lú, Tolulope Omogbehin tí wọ́n bí ní Èkó, tó gba ìgbànú ẹlẹ́ni méjì pẹ̀lú AJ Styles ní 2021. Ó ṣe ni láàánú pé wọ́n gé orúkọ rẹ̀ kù bẹ́ẹ̀. Ẹni tó gùn tó bẹ́ẹ̀, orúkọ rẹ̀ ì bá gùn díẹ̀ sí i.

Hideyuki Iwashita, tó darí No Mercy, padà sídìí iṣẹ́ náà pẹ̀lú Yuke's fún AEW: Fight Forever ní 2023. Mo rí ọwọ́ rẹ̀ nínú bí àwọn oníjà ṣe ń dì mọ́ ara wọn, ṣùgbọ́n ìtàn inú rẹ̀ kúrú, kò sì fi bẹ́ẹ̀ lọ́ràá. No Mercy ṣì ni tèmi. Ẹni tó bá rí kátíríìjì àtijọ́ rẹ̀ rà, kí ó ja ìjà kan, kí ó pa ẹ̀rọ, kí ó tún tàn án, kí ó wò ó bóyá ó ṣì rántí, kí ó tó san owó.