Ẹ̀wù Ogun Tí A Bá Nínú Ibojì: Ìhámọ́ra Àtijọ́ Ilẹ̀ Ṣáínà

Àwọn àgbà wa ní aṣọ là ń kí kí a tó kí ènìyàn. Nínú ọ̀rọ̀ ìhámọ́ra àtijọ́ ilẹ̀ Ṣáínà, aṣọ nìkan ni ó kù tí a lè kí. Ẹni tí ó ni ín ti di erùpẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ó ti mọ́ àwa akẹ́kọ̀ọ́ lára pé bí a bá ti rí àwòrán ẹ̀wù ogun kan nínú ìwé, a óò sọ lẹ́sẹ̀ kan náà pé, “Báyìí ni wọ́n ṣe ń múra ogun láyé ọjọ́un.” Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Inú ibojì ni wọ́n ti hú èyí tí ó lókìkí jù jáde nínú àwọn ìhámọ́ra wọ̀nyí. Ohun tí a bá sì bá nínú ibojì, ìròyìn ẹni tí ó sìnkú ni ó kọ́kọ́ ń mú wá, kí ó tó kan ìròyìn jagunjagun. Ẹni tí kò bá fi ìyàtọ̀ sí ìròyìn méjèèjì yóò ṣi ìtàn kà.

Kì í ṣe ohun ìyanu pé díẹ̀ ni ó ṣẹ́ kù. Awọ ni wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀ ẹ̀wù ogun ìgbà láéláé, awọ a sì máa jẹrà. Nígbà tí irin gba ipò awọ, ìpáàrà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ irin. Ìjọba pàápàá kò fẹ́ kí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà nílé ẹnikẹ́ni: nínú òfin ìjọba Tang, tí wọ́n ṣe àlàyé rẹ̀ parí ní ọdún 653, ikú ni ìjìyà ẹni tí ó bá kó ìhámọ́ra mẹ́ta pamọ́ sílé ara rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibojì Ọlọ́lá Yi ti ìlú Zeng, tí wọ́n gbẹ́ ní ọdún 1978 ní Suizhou, ní ẹkùn Hubei. Nǹkan bí ọdún 433 kí a tó bí Kristi ni wọ́n sin ín. Gbogbo ènìyàn ni ó ń sọ̀rọ̀ agogo idẹ 65 tí wọ́n bá níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀wù ogun awọ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ti ènìyàn àti ti ẹṣin. Mo pè é ní awọ, bẹ́ẹ̀ awọ náà ti jẹrà. Oje igi tí àwọn ará Ṣáínà máa ń kùn sí ara nǹkan títí yóò fi le koko tí yóò sì máa dán, òun ni kò jẹrà. Ó dúró bí èèpo ẹyin tí ohun inú rẹ̀ ti ṣàn lọ. Láti ara èèpo yìí ni àwọn onímọ̀ ti mọ bí ìpẹ́ kọ̀ọ̀kan ti tóbi tó, ibi tí ihò okùn wà, àti bí wọ́n ṣe so ọ̀kan mọ́ èkejì. Ojúlówó ẹ̀wù ogun ni, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀wù inú ibojì ọlọ́lá ni. Kò sí ẹni tí yóò wo agbádá olówó kan kí ó wá sọ pé ohun tí gbogbo ìlú ń wọ̀ lọ sóko nìyẹn.

Ẹ̀wù awọ kan wà tí kò jẹrà. Ní ọdún 2013, nínú ibojì ọkùnrin kan tí ó tó ẹni 30 ọdún ní Yanghai, ní agbègbè Turfan ní Xinjiang, wọ́n rí ẹ̀wù onípẹ́ tí ó ní ìpẹ́ awọ wẹ́wẹ́ 5,444 àti ńláńlá 140. Ọ̀gbẹlẹ̀ ibẹ̀ ni ó pa á mọ́. Ìwádìí tí ó jáde ní ọdún 2021 fi ọjọ́ orí rẹ̀ sí àárín ọdún 786 àti 543 kí a tó bí Kristi. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò sọ pé ọwọ́ àwọn ará Ásíríà ni iṣẹ́ náà jọ, ní ọ̀nà jíjìn réré sí ìwọ̀-oòrùn. Ibojì lè sọ ibi tí ẹ̀wù sùn sí. Kò pọn dandan kí ó jẹ́ ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe é. Nítorí náà, ẹni tí ó bá pè é ní “ìhámọ́ra Ṣáínà” láìfi àlàyé kún un ń fi ààlà òní pín ilé àná.

Ní Mancheng, ní ẹkùn Hebei, wọ́n ṣí ibojì Liu Sheng, ọba Zhongshan, ní ọdún 1968. Ọdún 113 kí a tó bí Kristi ni ó kú. Òkú rẹ̀ wọ ẹ̀wù òkúta iyebíye jéèdì, 2,498 ẹyọ, tí wọ́n fi okùn wúrà gán pọ̀. Èyí ni ìwé gbogbo ń ya àwòrán rẹ̀. Ẹ̀wù irin kan wà nínú ibojì kan náà tí ìpẹ́ rẹ̀ jẹ́ 2,859, tí kò sì wúwo tó kìlógíráàmù 17; ìpáàrà ti lẹ ìpẹ́ rẹ̀ mọ́ra. Bí a bá fi ojú oníṣẹ́ ọnà wò ó, èmi yóò yan ti irin. Ẹ̀wù jéèdì kò ní ju kí ó bo ẹni tí kò lè mira mọ́. Ẹ̀wù irin gbọ́dọ̀ gba ọ̀kọ̀ dúró, kí ó sì jẹ́ kí apá ju síwá sẹ́yìn. Iṣẹ́ tí ó ṣòro jù ni èyí, òun ni a sì ń gbójú fò dá.

Mo fi èyí tí ó dùn mọ́ mi jù sí ìkẹyìn. Ní ọdún 1998 wọ́n rí kòtò kan nítòsí ibojì Qin Shi Huang, ọba ńlá tí ó kú ní ọdún 210 kí a tó bí Kristi. Nínú apá díẹ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ gbẹ́, ẹ̀wù ogun 87 àti àṣíborí 43 ni wọ́n kà, òkúta ẹfun ni gbogbo wọn. Wọ́n gé òkúta sí pẹlẹbẹ, wọ́n lu ihò sí i létí, wọ́n sì fi wáyà bàbà so ó pọ̀. Ẹ̀wù kan tí wọ́n tò padà ní nǹkan bí 600 ìpẹ́, ó sì wúwo tó nǹkan bí kìlógíráàmù 18. Ta ni yóò wọ òkúta lọ sójú ogun? Bí idà bá kàn án, yóò fọ́. Òkú ni wọ́n ṣe é fún, kò sí àníàní.

Síbẹ̀, ẹ̀wù tí kò lè jagun yìí ni ó tú àṣìṣe wa fó. Láti ìgbà tí àwọn àgbẹ̀ ti ṣalábàápàdé àwọn ọmọ ogun alámọ̀ ọba náà níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ kànga ní ọdún 1974, àwọn kan ti ń sọ pé àwọn jagunjagun Qin kì í dé àṣíborí, nítorí pé orí àwọn ère náà kò ní in. Wọ́n tilẹ̀ fi ìgboyà ṣàlàyé rẹ̀: pé orí lásán ni akíkanjú fi ń wọ ìjà. Ọ̀rọ̀ náà dùn, àṣíborí òkúta 43 sì wá dá a dúró. Ẹni tí ó gbẹ́ òkúta náà kò lè fi ọkàn ara rẹ̀ dá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ó ní ojúlówó tí ó ń wò. Èyí kò sọ àwọn ère alámọ̀ di irọ́. Ẹ wo bí wọ́n ṣe mọ ẹ̀wù wọn: ní àyà, ìpẹ́ òkè gun ti ìsàlẹ̀; ní ikùn, ti ìsàlẹ̀ ni ó gun ti òkè, kí ènìyàn lè tẹ̀ba. Amọ̀kòkò tí ó mọ èyí mọ ẹ̀wù ogun. Ohun tí ère fi hàn wá jẹ́ òótọ́. Ohun tí kò fi hàn wá ni a fi ń purọ́ mọ́ ọn.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé àríyànjiyàn ìwé lásán nìyí, kí ó rántí Zhou Yafu, ọ̀gágun tí ó ṣẹ́ ọ̀tẹ̀ àwọn ọba kéékèèké méje ní ọdún 154 kí a tó bí Kristi. Sima Qian òpìtàn ni ó kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí ó dàgbà, ọmọ rẹ̀ ra ìhámọ́ra àti asà 500 tí wọn yóò fi sin baba rẹ̀. Kò san owó àwọn alágbàṣe, wọ́n sì lọ fi í sùn. Ni wọ́n bá mú baba, wọ́n ní ó fẹ́ ṣọ̀tẹ̀. Ó ní ohun ìsìnkú ni òun rà. Onídàájọ́ dá a lóhùn pé bí kò bá tilẹ̀ fẹ́ ṣọ̀tẹ̀ lókè eèpẹ̀, ó fẹ́ ṣe é lábẹ́ ilẹ̀. Ọ̀gágun kọ oúnjẹ fún ọjọ́ márùn-ún, ó pọ ẹ̀jẹ̀, ó sì kú ní ọdún 143.

Onídàájọ́ yẹn mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ẹ̀wù òkú àti ẹ̀wù alààyè. Ó mọ̀ọ́mọ̀ dà wọ́n pọ̀ ni, kí ó lè rí ẹni tí ó fẹ́ pa pa. Àwa tí a ń wo àwòrán inú ìwé, tí a sì ń dà wọ́n pọ̀ láìsí ẹni tí ó fi ipá mú wa, kí ni àwíjàre tiwa?