Iyanrìn ṣáájú irin: àríwísí lórí orírun ọ̀rọ̀ "malm" nínú èdè Dẹ́nmáàkì

Lónìí, malm nínú èdè Dẹ́nmáàkì ni òkúta inú ilẹ̀ tí a ń yọ́ láti rí irin tàbí bàbà. Ìtumọ̀ yìí ni àwọn aṣàlàyé kan mú bí ìbẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì fi ń túmọ̀ gbogbo ibi tí malm bá ti hàn. Lójú tèmi, ìparí ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi ṣe ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo Malmö, ìlú tó wà lọ́wọ́ Dẹ́nmáàkì títí di 1658 kí ó tó di ti Swídìn. Malmhauger ni orúkọ rẹ̀ àtijọ́. Òkìtì ni haug. Àwọn kan ní "òkìtì òkúta irin" ni. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ etíkun tó tẹ́ pẹrẹsẹ ni ibẹ̀, òkúta ẹfun ló sì wà lábẹ́ rẹ̀. Irin wo ni wọ́n rí níbẹ̀? "Òkìtì iyanrìn" tàbí ti òkúta wẹ́wẹ́ ló bá ilẹ̀ náà mu. Ẹ̀rí èdè náà ò sì jìnnà: nínú Bíbélì Wulfila, tí a túmọ̀ sí èdè Gọ́tíìkì ní ọ̀rúndún kẹrin, malma ni iyanrìn tí òmùgọ̀ kọ́ ilé lé ní Mátíù 7:26.

Gbòǹgbò tó túmọ̀ sí "lọ̀" ni gbogbo rẹ̀ ti wá, òun náà ló wà nínú molere Látìnì, tí Faransé sọ di moudre. Nínú Dẹ́nmáàkì, male (lọ nǹkan), mel (ìyẹ̀fun) àti muld (erùpẹ̀) jẹ́ mọ̀lẹ́bí malm. Yorùbá náà fa ọlọ yọ láti ara lọ̀, àmọ́ ohun èlò ni ọlọ. Malm ni ohun tó ti kúnná. Kí a má sì pe mølle (ilé ìlọ̀) wá jẹ́rìí o: ọ̀rọ̀ àyálò láti ara molina Látìnì ni. Ẹbí ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà mìíràn ló gbà wọlé. Ní ti metal, tó jọ malm létí, metallon Gíríìkì ni orísun rẹ̀, kò bá malm tan rárá.

Láti iyanrìn dé irin ńkọ́? Èrò tèmi ni pé inú irà ni ìtumọ̀ ti yí padà. Láyé àtijọ́, inú irà ni àwọn ará Jutland ti ń wa ohun tí wọ́n ń yọ́ di irin, ó sì ń jáde bí erùpẹ̀ pupa tó dì. Myremalm ni à ń pè é. Ẹni tó bá ṣí ìwé atúmọ̀ èdè òní yóò rí i pé èèrà ni myre, yóò sì kọ "òkúta èèrà" sílẹ̀. Myr àtijọ́, irà, ló wà nínú ọ̀rọ̀ náà.