Ìyá Òyìnbó ní Kúdẹtì

Ìwé kan wà tí ó yẹ kí olúkúlùkù wa tí ń kọ́ nípa èdè kà, kí ó sì bá a jiyàn. Orúkọ rẹ̀ ni Seventeen Years in the Yoruba Country. Lẹ́tà àti àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ Anna Hinderer ni a ṣà jọ sínú rẹ̀. 1872 ni ó jáde, lẹ́yìn tí obìnrin náà ti kú ní 1870. Òun àti ọkọ rẹ̀, David Hinderer, ọmọ Jámánì tí ń ṣiṣẹ́ fún ìjọ C.M.S., dé Ìbàdàn ní 1853, wọ́n sì tẹ̀dó sí Kúdẹtì.

Ìpọ́njú inú ìwé náà kì í ṣe àsọdùn. Ibà kò fi tọkọtaya náà lọ́rùn sílẹ̀. Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, Ẹ̀gbá gbè sẹ́yìn Kúrunmí, ọ̀nà Abẹ́òkúta sì dí mọ́ ará Ìbàdàn. Òyìnbó tí owó àti ẹrù rẹ̀ ń ti etí òkun bọ̀ wá di ẹni tí kò ní owó ẹyọ tí yóò fi ra oúnjẹ lọ́jà. Wọ́n ń ta ohun èlò ilé wọn kí àwọn ọmọ tí wọ́n ń tọ́ lè jẹun. Ibi tí ìwé náà ti wọ̀ mí lára jù lọ nìyí, nítorí obìnrin náà ka ẹnu àwọn ọmọ wọ̀nyí mọ́ ẹnu tirẹ̀.

Àléébù rẹ̀ wà níbòmíràn. Ó káàánú ará ìlú, ṣùgbọ́n ojú ẹnìkan ṣoṣo ni a fi ń wo ogun náà. Ìjàyè run ní 1862, a sì kó àwọn ọmọ rẹ̀ lẹ́rú. Nínú ìwé yìí, ọ̀rọ̀ ọ̀nà tí ó dí ni a ń gbọ́ ṣáá. Ní Tápà tiwa, ní ilẹ̀ Ìbàràpá, bí àgbà bá ń sọ̀rọ̀ ìyàn, kì í sọ pé ebi pa ìlú kí ó sì dákẹ́. Yóò dárúkọ ẹni tí ó jẹ èbù iṣu rẹ̀, tí kò sì rí ohun tí yóò gbìn lọ́dún kejì. Òṣùwọ̀n yẹn ni mo fi wọn ìwé yìí, kò sì kún.

Ẹ wo Daniel Olúbí, ọmọ Abẹ́òkúta, tí ó bá wọn ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn. Ó jẹ nínú ebi náà, síbẹ̀ ìlú tí ó bí i ni ó ń bá ìlú tí ó ń gbé jà. Nígbà tí àwọn Hinderer fi Ìbàdàn sílẹ̀ pátápátá ní 1869, òun ni iṣẹ́ náà bọ́ sí lọ́wọ́. Òun náà kọ àkọsílẹ̀ tirẹ̀. Ó wà nínú ìwé C.M.S. tí a pa mọ́ sí Yunifásítì Birmingham.

Agbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. N kò ní kí a ju ìwé Anna Hinderer nù. Mo ní kí a gbé àkọsílẹ̀ Olúbí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ta ni nínú ẹgbẹ́ wa yìí tí yóò tú u sí èdè Yorùbá fún wa?